Ewé Tí À Ń Dọ̀bálẹ̀ Fún

Ẹni tó ti ń rí Venus flytrap nínú ìwé àti nínú fíìmù láti kékeré, ìyàlẹ́nu ló máa ń jẹ́ fún un lọ́jọ́ tó bá dé ibi tí ewé náà ti ń hù fúnra rẹ̀. Nǹkan ńlá ló ń wá. Á wo ọ̀ọ́kán, á wo ìdí igi, kò ní rí nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ó sì ti tẹ méjì tàbí mẹ́ta mọ́lẹ̀. Ewé tàkúté yìí kò ga dé kókósẹ̀ bí kò bá tíì yọ òdòdó. Gbogbo ewé rẹ̀ ló tò yí ká lórí ilẹ̀, kì í sábà fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ, ẹnu tàkúté kọ̀ọ̀kan sì wà láàárín sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́ta. Fọ́tò ló sọ ọ́ di òmìrán.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ẹsẹ̀ ni iṣẹ́ fọ́tò inú irà ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ojú. Àwọn tó fẹ́ kọ́ ọ, lẹ́ńsì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ béèrè: irú èwo, èló ni? Ṣòkòtò ló yẹ kí wọ́n béèrè. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè dúró lóòró ya ewé tí kò ga dé kókósẹ̀ kó sì rí nǹkan gidi mú bọ̀. Àfi kó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kó fi àyà lé ilẹ̀ tútù, kí ojú kámẹ́rà àti ojú ewé lè wà ní ọgbọọgba. Bí a bá yà á láti òkè, ṣe ni ewé á lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, kò ní ní ìdúró, kò ní ní ìwà.

Ibi tí mo fẹ́ fi ṣàlàyé ni Green Swamp, ní Brunswick County, ìpínlẹ̀ North Carolina, ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá ń ti Charlotte lọ sí etí òkun Brunswick lè gba ojú ọ̀nà 211 kọjá láàárín rẹ̀ kó má tilẹ̀ mọ ohun tó fi sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Àjọ The Nature Conservancy ló ń tọ́jú ibẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Federal Paper Board ló ta wọ́n lọ́rẹ 13,850 éékà ní 1977, ó sì ti ju 17,000 éékà lọ báyìí. Ó kéré tán, irú ewé ajẹkòkòrò 14 ló wà nínú rẹ̀, ọ́kíìdì sì ń bẹ níbẹ̀ lóríṣiríṣi. Ní ti ewé tàkúté, kò sí ibòmíràn lágbàáyé tó jẹ́ ilé rẹ̀ ju agbègbè tó yí ìlú Wilmington ká, nǹkan bí 120 kìlómítà, ní North Carolina àti South Carolina. Gómìnà Arthur Dobbs ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ dáadáa, nínú lẹ́tà tó kọ sí Peter Collinson ní London ní 1760.

Orúkọ Green Swamp, tó túmọ̀ sí irà aláwọ̀ ewé, lè jẹ́ kí ènìyàn rò pé omi ń rú dé orúnkún níbi gbogbo. Kò rí bẹ́ẹ̀. Pápá gbalasa ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, igi páìnì abewé-gígùn dúró káàkiri, kóríko sì bo ìsàlẹ̀. Iyanrìn tútù ló wà nílẹ̀. Láàárín pápá yìí ni igbó kìjikìji tí wọ́n ń pè ní pocosin wà, tí ẹ̀gún àti igi kúkúrú ti so mọ́ ara wọn lórí ilẹ̀ dúdú tó kún fún ewé jíjẹrà. Etí ibi tí pápá àti igbó ti pàdé, níbi tí ọ̀rinrin kò ti pọ̀ jù tí kò sì kéré jù, ibẹ̀ ni ewé tàkúté fẹ́ràn jù. Ẹni tó bá ti mọ èyí kò ní máa rìn kiri gbogbo pápá. Ó ti mọ ibi tó yẹ kó ti máa rọra gbé ẹsẹ̀.

Ilẹ̀ yìí tálákà. Ó kan, òjò sì ti fọ oúnjẹ inú rẹ̀ lọ: náítírójìn kò tó, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kò tó. Ewéko tó bá máa gbé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ọgbọ́n àrékérekè lọ́wọ́. Àwọn kan sọ ewé wọn di tàkúté, kòkòrò ni wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀. Ọ́kíìdì gba ọ̀nà tirẹ̀: irúgbìn rẹ̀ kò ju eruku lọ, kò gbé oúnjẹ kankan dání, àfi kó bá irú olú kan pàdé nínú ilẹ̀ tí yóò máa bọ́ ọ títí tí yóò fi yọ ewé. Charles Darwin kọ̀wé lórí ìdílé méjèèjì, lórí ọ́kíìdì ní 1862, lórí ewé ajẹkòkòrò ní 1875. Kò yà mí lẹ́nu pé ẹnì kan náà ni wọ́n wù, nítorí ẹ̀tàn ló kún inú àwọn méjèèjì.

Ẹni tó ń ya fọ́tò gbọ́dọ̀ ní òṣì ilẹ̀ yìí lọ́kàn. Ewé tàkúté wà lórí àtẹ ní ọjà ìtajà òdòdó káàkiri ayé, nínú ìkòkò rọ́bà. Bí a bá súnmọ́ ọn débi pé ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé kan ṣoṣo tí kò lójú tí kò nímú, fọ́tò náà lè dára gan-an, ṣùgbọ́n ta ló máa mọ̀ pé kì í ṣe ojú fèrèsé ilé ẹnìkan la ti yà á? Ó yẹ kí ohun kan nínú àwòrán jẹ́rìí sí ibi tí ó wà: iyanrìn funfun, kóríko gbígbẹ, ìtì páìnì tí iná ti sun èèpo rẹ̀ dúdú lẹ́yìn lọ́hùn-ún.

Iná yẹn gan-an ló ni ibẹ̀. Bí a bá fi pápá páìnì sílẹ̀ fún ọdún díẹ̀ láìjó, igi kéékèèké á gòkè, òjìji á bo ilẹ̀, ewé tàkúté àti ọ́kíìdì á sì máa kú lọ lábẹ́ wọn. Láyé àtijọ́ mànàmáná ló ń dá iná náà, àwọn ará Amẹ́ríkà ìbílẹ̀ náà sì ń sun pápá. Lónìí àwọn òṣìṣẹ́ ló ń mọ̀ọ́mọ̀ dá a, wọ́n ń pín ilẹ̀ náà sí abala, wọ́n sì ń jó abala kọ̀ọ̀kan ní ọdún méjì mẹ́ta síra. Ewé tàkúté ní ìdí nínú ilẹ̀ tí iná kì í dé, láti ibẹ̀ ló ti ń rú padà. Ọ́kíìdì tó ti wà lábẹ́ ilẹ̀ láìyọjú á gbọ́ ooru àti ìmọ́lẹ̀, á sì yọ òdòdó. Nítorí náà, kí a tó gbé kámẹ́rà jáde nílé, ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù ni pé: abala wo ló jó kẹ́yìn? Ibi tó jó nígbà òtútù, nígbà ìrúwé tó tẹ̀ lé e, ewé tuntun máa ń yọ láàárín eérú dúdú, àwọ̀ méjèèjì á sì ya ara wọn sọ́tọ̀ láìsí pé a lo ọgbọ́n kankan. Èédú á bo orúnkún àti ìgbọ̀nwọ́ wa lóòótọ́. Mo ti sọ̀rọ̀ ṣòkòtò tẹ́lẹ̀.

Àkókò náà ní ètò tirẹ̀. Ní oṣù kẹrin, òdòdó Sarracenia, ewé ajẹkòkòrò tó ká bí ihò gígùn, ló ń ṣáájú. Ní oṣù karùn-ún, ewé tàkúté á yọ òdòdó funfun, ọ́kíìdì aláwọ̀ òsùn inú kóríko á sì ṣí. Ẹni tó bá fẹ́ ọ́kíìdì olómi ọsàn tó ní wajawaja létí, àfi kó fara da ooru oṣù keje sí oṣù kẹjọ, nígbà tí ẹ̀fọn ti pọ̀ tí eégbọn sì ń gun ẹsẹ̀ ṣòkòtò. Mi ò mọ ẹni tó lè rí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Bí a bá wọ inú pápá, ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ipa ọkọ̀ àwọn panápaná tàbí ipa ẹsẹ̀ tó ti wà tẹ́lẹ̀. Níbi tí kò bá sí ọ̀nà, orí ìdí kóríko líle ló dára láti gbé ẹsẹ̀ lé, nítorí ewé kéékèèké kì í sábà hù síbẹ̀. Kí a dúró lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí a tẹ̀ ba, kí a fi ojú gbá ilẹ̀ tó wà níwájú kí a tó tún sún. Bí a bá sì ti rí ewé tó wù wá, kí a tún wo ibi tí àyà wa máa wà, ibi tí ìgbọ̀nwọ́ wa máa wà, ibi tí a máa gbé báàgì sí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ènìyàn máa ń ṣọ́ra fún èyí tó wà níwájú lẹ́ńsì, tí ikùn rẹ̀ á sì tẹ mẹ́wàá mìíràn pa. Ẹ̀rù mìíràn tún wà: irú paramọ́lẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní cottonmouth ń gbé níbi tómi wà, èèrà oníná tó ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá sì máa ń kọ́lé sínú iyanrìn. Kí a fi ọ̀pá kan ilẹ̀ kí a tó dọ̀bálẹ̀ kì í ṣe ojo.

Ẹ wá jẹ́ ká wo ẹnu tàkúté kan dáadáa. Ewé méjì dojú kọ ara wọn, inú wọn pupa bí oòrùn bá tó, eyín yí etí wọn ká. Nínú ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, irun mẹ́ta ló sábà máa ń wà, wọ́n tínrín débi pé ẹni tó dúró lóòró kò ní rí wọn rárá. Bí kòkòrò bá kan irun lẹ́ẹ̀kan, ewé kò ní mì. Bó bá tún kàn án kí nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú-àáyá tó kọjá, ó pa dé kíákíá, ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá. Irun yẹn ni iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Fọ́tò ẹnu tàkúté tí irun kò bá hàn nínú rẹ̀, mi ò kà á sí.

Kí irun náà tó hàn, wàhálà wà. Bí lẹ́ńsì bá ti súnmọ́ ọn débi pé tàkúté kan kún gbogbo àwòrán, ibi tó máa mọ́ kedere kò ju mìlímítà kan àti díẹ̀ lọ, kódà bí a bá fún ojú lẹ́ńsì pọ̀ dé f/11. Bí a bá tún fún un jù bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo àwòrán á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé á sì kéré débi pé afẹ́fẹ́ díẹ̀ á ba iṣẹ́ jẹ́. Ohun tó kù ni kí a yí kámẹ́rà títí tí ojú rẹ̀ yóò fi bá ìlà tí irun náà dúró lé dọ́gba, kí mìlímítà kan yẹn lè bọ́ sórí ibi tó níye lórí. Àwọn mìíràn máa ń ya ogún àwòrán, wọ́n ń sún ojú lẹ́ńsì díẹ̀díẹ̀, kọ̀ǹpútà á wá tò wọ́n pọ̀ di ọ̀kan tó mọ́ látòkè délẹ̀. Ó wúlò fún ìwé ẹ̀kọ́. Lójú tèmi, àwòrán tí gbogbo nǹkan ti mọ́ kedere nínú rẹ̀ kì í sọ fún olùwò ibi tó yẹ kó wò.

Ìdánwò tó máa ń dé bá àlejò ni kó fi igi tọ́ ọ kó lè rí i bó ṣe ń pa dé. Kó má ṣe é. Tàkúté tó bá pa dé lásán lè gba odidi ọjọ́ kan kó tó ṣí padà, ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè pa dé láyé rẹ̀ kó tó gbẹ. Bí a bá fẹ́ èyí tó ti mú nǹkan, kí a wá a. Ó máa ń wà nítòsí, ẹsẹ̀ kòkòrò á yọ díẹ̀ láàárín eyín rẹ̀. Bí oòrùn bá wà lẹ́yìn rẹ̀, òjìji ohun tó gbé mì á hàn nínú ewé.

Òdòdó rẹ̀ ń kọ́? Funfun ni, orí ọ̀pá tó lè ga tó 30 sẹ̀ǹtímítà ló ń gbé, jìnnà sí ẹnu tó ń jẹun. Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ North Carolina State University gbé jáde ní 2018 fi hàn pé àwọn oyin kéékèèké aláwọ̀ ewé àti kòkòrò oníkarawun tó ń gbé àtíkè òdòdó náà kiri kì í sábà sí lára àwọn tí tàkúté ń mú. Ọ̀nà jíjìn yìí dára fún ewé, ó sì burú fún oníkámẹ́rà: òdòdó wà lókè, tàkúté wà nílẹ̀, lẹ́ńsì tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá kò lè mú àwọn méjèèjì. Níbí ni fóònù ti ń lu kámẹ́rà olówó gọbọi. Ojú lẹ́ńsì rẹ̀ gbòòrò, ó kéré, a lè tì í mọ́ ilẹ̀ kó máa wo òkè, yóò sì mú tàkúté, ọ̀pá, òdòdó àti igi páìnì ẹ̀yìn wọn pọ̀ sójú kan. Inú mi dùn láti sọ èyí fún ẹni tí kò lówó lẹ́ńsì.

Drosera tún kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ewé oníìrì ni mo máa ń pè é, bí kò tilẹ̀ jẹ́ ìrì ló wà lórí rẹ̀. Irun pupa bo gbogbo ewé, lórí irun kọ̀ọ̀kan ni ẹ̀kán àtè kan jókòó lé, ó ń dán. Ìrì òwúrọ̀ á gbẹ kó tó di agogo mẹ́wàá. Àtè yìí á ṣì wà níbẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Kòkòrò tó bá bà lé e á lẹ̀, irun tó yí i ká á sì rọra tẹ̀ wá sórí rẹ̀. Dídán yẹn ni à ń yà, ẹ̀yìn sì ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti ń wá. Kí oòrùn wà níwájú wa, nílẹ̀ sísàlẹ̀, lẹ́yìn ewé, kí a fi fìlà bo lẹ́ńsì kí oòrùn má bàa wọ inú rẹ̀ tààrà, kí a sì dín ìmọ́lẹ̀ kù ju bí kámẹ́rà ṣe dábàá lọ. Bí a kò bá dín in kù, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan á di àmì funfun tí kò ní nǹkan kan nínú. Bí gíláàsì tó ń gé dídán bá wà lójú lẹ́ńsì, kí a yọ ọ́ fún iṣẹ́ yìí. Òun àti àtè kò bára wọn rẹ́.

Utricularia ni mo máa ń kọjá lára rẹ̀ kíákíá. Òdòdó rẹ̀, yálà elése àlùkò tàbí àwọ̀ ìyeyè, rọrùn láti yà, ṣùgbọ́n abẹ́ omi tàbí inú iyanrìn tútù ni àpò tó fi ń fa kòkòrò mì wà, ó sì yá débi pé kì í gbà tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹni tó bá fẹ́ rí i láìwọ ọkọ̀ òfuurufú, ìdílé rẹ̀ wà nílé pẹ̀lú: nínú adágún omi tó dákẹ́ ní Nàìjíríà, àti lórí àwọn àpáta ńlá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níbi tí omi òjò ti ń sun fẹ́ẹ́rẹ́ lójú àpáta.

Sarracenia ló rọrùn jù fún àlejò láti rí. Sarracenia flava lè ga dé itan ènìyàn, ewé rẹ̀ ká di ihò gígùn tó dúró ṣánṣán, ìdérí sì wà lókè. Omi dídùn tó ń sun létí ìdérí ló ń pe kòkòrò. Ibi tó ń bà lé ń yọ̀, ó já sísàlẹ̀, kò sì rí ọ̀nà jáde mọ́. Ní kùtùkùtù tàbí nírọ̀lẹ́, bí ìmọ́lẹ̀ bá gba inú rẹ̀ kọjá, a ó rí iṣan pupa ìdérí náà, a ó sì rí òkìtì dúdú nísàlẹ̀ ihò: òkú kòkòrò ni. Mo fẹ́ràn fọ́tò bẹ́ẹ̀ ju ti ẹnu ihò lọ, nítorí oúnjẹ ti hàn nínú ikùn láìsí pé a la ewé. Ọ̀pọ̀lọ́ igi kékeré àti aláǹtakùn aláwọ̀ ewé máa ń jókòó sétí ibẹ̀, wọ́n ń jí ohun tí ewé ń dẹ. Òdòdó rẹ̀ ní oṣù kẹrin rí bí agbòòrùn tí a ṣí tí a wá dorí rẹ̀ kodò, aṣọ òdòdó aláwọ̀ ìyeyè á rọ̀ sílẹ̀ yí i ká. Kí ẹni tó bá fẹ́ súnmọ́ ọn mọ̀ pé ó ń rùn bí ìtọ̀ ológbò. Fọ́tò ṣàánú wa níbẹ̀. Ti Sarracenia purpurea yàtọ̀: ó sanra, ó sùn mọ́lẹ̀, ìdérí rẹ̀ kò bo ẹnu rẹ̀, òjò ń rọ̀ sínú rẹ̀, ìdin irú ẹ̀fọn kan tí kì í gbé ibòmíràn sì ń wẹ̀ nínú omi tó ń pa àwọn ẹlòmíràn yìí. Fún èyí, gíláàsì tó ń gé dídán wúlò, kí ojú lè dé inú omi.

Mo ti pẹ́ lórí àwọn ajẹkòkòrò, ṣùgbọ́n ọ́kíìdì ló ń jẹ́ kí n dúró pẹ́ jù nínú pápá. Calopogon tuberosus, èyí aláwọ̀ òsùn tó ń yọ láàárín kóríko, kò ní oúnjẹ kankan fún oyin. Ó kàn ta irun aláwọ̀ ìyeyè sórí ètè rẹ̀ tó wà lókè, kí oyin lè rò pé àtíkè òdòdó ló rí. Oyin á bà lé e. Ètè náà ní oríkèé, ìwúwo oyin á gbé e ṣubú, ẹ̀yìn oyin á balẹ̀ sórí ibi tí àtíkè gidi wà, á sì gbé e lọ sọ́dọ̀ òmíràn tí yóò tún tàn án. Fún fọ́tò, ẹ̀gbẹ́ ló yẹ kí a ti yà á, kí ètè òkè àti ọ̀pá tó tẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀ hàn pọ̀. Láti iwájú, ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n ẹ̀tàn rẹ̀ kò hàn.

Platanthera ciliaris, olómi ọsàn, kò tan ẹnikẹ́ni. Ó ń sanwó. Lẹ́yìn òdòdó kọ̀ọ̀kan ni ìrù tóóró kan wà tí omi dídùn wà nínú rẹ̀, labalábá ńlá tí ahọ́n rẹ̀ gùn nìkan ló sì lè dé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ní etí òkun níbí, Papilio palamedes ni. Bó bá ti ki orí bọ inú òdòdó, ìdì àtíkè á lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀ gan-an. Labalábá tó fò kúrò pẹ̀lú ìdì àtíkè lójú ni fọ́tò tí a torí rẹ̀ wá. Kò ní wá bí a bá ń lé e káàkiri. Kí a yan ìdí òdòdó kan tó ti ṣí dáadáa, kí a to kámẹ́rà sí i láti nǹkan bí mítà kan àti ààbọ̀, kí a fi ìyára sí ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá, kí a sì jókòó. Ó máa ń padà sí ibi tó ti rí oúnjẹ.

Ní ti afẹ́fẹ́ àti oòrùn, n kò ní sọ púpọ̀. Òwúrọ̀ ni afẹ́fẹ́ máa ń sùn. Ojú ọjọ́ tó ṣú díẹ̀ dára fún ọ́kíìdì, nítorí oòrùn ọ̀sán máa ń jẹ́ kí àwọ̀ òsùn rẹ̀ ṣá. Bí kò bá ṣú, kí a fi aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ta á lórí. Àpò kékeré tí a kó ẹ̀wà sí nínú ṣe é gbé kámẹ́rà lé lórí ilẹ̀ ju ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta gíga lọ, kò sì ní ẹsẹ̀ tó máa gún ohun tó wà nínú iyanrìn.

Ohun tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwa oníkámẹ́rà ni títún ibẹ̀ ṣe. Kóríko kan dábùú iwájú òdòdó: ká já a ni, àbí ká fi sílẹ̀? Mo máa ń fi péègì aṣọ mú un sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sì máa ń tú u sílẹ̀ bí mo bá ṣe tán. Àwọn kan a máa tu gbogbo ìdí rẹ̀ mọ́ bí àgbàlá, títí kan ewé mìíràn tí wọn kò mọ orúkọ rẹ̀. Yàtọ̀ sí pé ìwà náà burú, ọ́kíìdì tó dá dúró lórí ilẹ̀ gbígbá ti di ohun tí àgbọ̀nrín àti olè tètè ń rí.

Àwọn ọ́kíìdì mìíràn wà tí ìdọ̀bálẹ̀ kò lè ran wá lọ́wọ́ rárá. Ní gúúsù Florida, nínú irà bíi Fakahatchee Strand àti Corkscrew, ọ́kíìdì iwin lẹ̀ mọ́ ara igi, kò ní ewé, gbòǹgbò nìkan ni títí tí òdòdó funfun fi yọ. Òru ni àwọn àfòpiná ńlá ń bẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn ayafọ́tò Carlton Ward Jr. àti Mac Stone gbé kámẹ́rà sórí igi, wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń mọ̀ bí nǹkan bá kọjá so ó, wọ́n sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Àwòrán tí wọ́n rí yí èrò àwọn onímọ̀ padà: wọ́n ti gbà pé irú àfòpiná kan ṣoṣo, Cocytius antaeus, ló ń gbé àtíkè rẹ̀, ṣùgbọ́n àwòrán fi òmíràn hàn tí àtíkè náà wà lórí rẹ̀. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kọjá ti ẹni tó ní òpin ọ̀sẹ̀ nìkan, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé fọ́tò lè dáhùn ìbéèrè tí ojú lásán kò lè dáhùn.

Fọ́tò tún lè pa ewé. Àwọn olè ń wa ewé tàkúté tà, wọ́n ń kó o sínú àpò lọ́gọ́rọ̀ọ̀rún. Láti oṣù kejìlá 2014, òfin North Carolina ti sọ jíjí i ní àwọn county kan, tí Brunswick wà lára wọn, di ìwà ọ̀daràn ńlá tó lè gbé ènìyàn dé ẹ̀wọ̀n. Síbẹ̀ fóònù wa máa ń kọ ibi tí a dúró sí gan-an sínú àwòrán kọ̀ọ̀kan, bí a kò bá ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Kí a pa ètò yẹn kí a tó jáde nínú ọkọ̀, kí a sì tún yẹ àwòrán wò kí a tó gbé e sórí Facebook, bóyá pátákó ojú ọ̀nà tàbí igi tí gbogbo ènìyàn mọ̀ wà lẹ́yìn. Ìkànnì iNaturalist máa ń fi ibi tí àwọn ewéko tó wà nínú ewu wà pamọ́ fúnra rẹ̀, nítorí náà ó dára ju orí ìkànnì tiwa lọ fún ẹni tó fẹ́ kí àwọn onímọ̀ rí iṣẹ́ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ibi tí a ti rí ọ́kíìdì kan, orúkọ county ti tó.

Nílé, kí a kọ ọjọ́ sí ara àwòrán, kí a sì kọ ìgbà tí abala náà jó kẹ́yìn bí a bá mọ̀ ọ́n, nítorí ẹni tó bá padà yà á lọ́dún tó ń bọ̀ á nílò rẹ̀. Kí a yọ eégbọn lára. Lẹ́yìn náà kí a bu omi, kí a fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ìsàlẹ̀ bàtà àti ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta títí ẹrẹ̀ yóò fi tán lára wọn, kí a sá wọn gbẹ, kí a tó gbé wọn wọ irà mìíràn, nítorí irúgbìn èpò máa ń bá ẹrẹ̀ rìn.